Ìwádìí ti di ọ̀fẹ́, àmọ́ ta ló ń yé?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni àjọ NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera, ti pa á láṣẹ pé ìwé ìwádìí yòówù tí wọ́n bá fi owó òun ṣe, ọjọ́ tó bá jáde gan-an ni kí gbogbo ayé ti máa rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́lẹ̀, àwọn jọ́nà, ìyẹn àwọn ìwé tó ń gbé ìwádìí jáde, lè tì í mọ́lé fún odidi ọdún kan, kí ẹni tí kò bá sanwó má sì rí ju àkótán tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti kọ ìwé àṣekágbá ní fásitì ilẹ̀ wa rí á mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn rí àkọlé ohun tó ti ń wá láti àná, kí wọ́n wá ní kó lọ mú káàdì dọ́là wá.

Ilẹ̀kùn ti ṣí báyìí, a dúpẹ́. Ẹni tó bá wọlé tán ńkọ́, ṣé ohun tó bá níbẹ̀ á yé e? Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Karolinska, yunifásítì ìṣègùn kan lórílẹ̀-èdè Sweden, kó àkótán ìwé ìwádìí tó lé ní 700,000 jọ láti inú jọ́nà 123, èyí tó pẹ́ jù lọ nínú wọn ti wà láti ọdún 1881, èyí tó dé kẹ́yìn sì jẹ́ ti ọdún 2015. Wọ́n wọn bó ṣe rọrùn láti kà tó. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń le sí i: gbólóhùn ń gùn, ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò nílé ń pọ̀ sí i.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń gba àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi èdè tó rọrùn kọ̀wé. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó le kọ́ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ tó le, ó kéré tán, ó mọ̀ pé kò yé òun. Gbólóhùn tó rọrùn, tó dùn létí, tí wọ́n sì ti yọ ìdajì òótọ́ kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn ni mò ń bẹ̀rù, torí ẹni tó gbọ́ ọ á gbà pé ó ti yé òun, á sì lọ fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ chloroquine. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí? Oògùn ibà ayé ìgbà kan, tó korò, tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá lò ó, a ó máa họra mọ́jú. Ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà fi àwọn oògùn ACT rọ́pò rẹ̀, torí kò ran kòkòrò ibà mọ́. Ó kù díẹ̀ ká gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2020, òun náà ni wọ́n tún ń wá kiri lọ́dọ̀ àwọn onítajà oògùn l'Ékòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ni ìlú Marseille, nílẹ̀ Faransé. Àwọn dókítà kan níbẹ̀, tí Didier Raoult jẹ́ ọ̀gá wọn, gbé ìwádìí kékeré kan jáde. Wọ́n fún àwọn tó ní kòrónà ní hydroxychloroquine, tó jẹ́ ọmọ ìyá chloroquine, wọ́n sì ń fi òwú yẹ imú wọn wò bóyá kòkòrò náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, nínú èèyàn 20 tó lo oògùn, 14 ni wọn ò rí kòkòrò nímú wọn mọ́. Nínú 16 tí kò lò ó, méjì péré ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, Ààrẹ Donald Trump gbé e sórí Twitter pé oògùn yìí àti azithromycin lè wà lára ohun tó máa yí ìtàn ìṣègùn padà. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi kéde pé wọ́n ti gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn torí pé wọ́n lo chloroquine ju bó ṣe yẹ lọ. Àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, sáré jáde sọ pé àjọ ìlera àgbáyé kò fọwọ́ sí oògùn náà fún kòrónà.

"Chloroquine ń wo kòrónà." Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe mọ́ tó. Ọmọ ọdún mẹ́fà á gbọ́ ọ. Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Èèyàn 26 ni wọ́n fún ní oògùn níbẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà ni wọn ò kà mọ́ wọn nígbà tí ìṣirò dé. Nínú mẹ́fà yìí, àìsàn le sí mẹ́ta débi tí wọ́n fi gbé wọn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Ẹnì kan kú. Ẹnì kan ní èébì ń gbé òun, òun ò lò ó mọ́. Ẹnì kan yòókù kúrò ní ọsibítù. Àwọn tí nǹkan burú fún jù nínú àwọn tó lo oògùn ni wọ́n yọ sọ́tọ̀, wọ́n wá ń wo bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe dáadáa. Wọn ò sì ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó máa lo oògùn àti ẹni tí kò ní lò ó. Ọsibítù mìíràn ni wọ́n ti mú lára àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé. Imú ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò o. Pé kòkòrò kò sí nímú èèyàn mọ́ kò sọ bóyá onítọ̀hún ti ń jẹun tàbí bóyá ó ń mí dáadáa.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí wà nínú ìwé ìwádìí náà fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi pa mọ́, kò sẹ́ni tó gba owó kí wọ́n tó rí i kà. Ẹni tó bá yí ojú ìwé mélòó kan á bá a níbẹ̀. Ohun tó rìn dé Èkó ni ìlà kan ṣoṣo.

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìwádìí RECOVERY tí Yunifásítì Oxford darí rẹ̀ sọ tirẹ̀. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ níbẹ̀: èèyàn 1,542 lo oògùn, 3,132 kò lò ó. Láàárín ọjọ́ 28, bí a bá kó 100 jọ nínú àwọn tó lò ó, nǹkan bíi 26 ló kú; nínú 100 àwọn tí kò lò ó, nǹkan bíi 24. Oògùn náà kò dín ikú kù. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni jọ́nà tó gbé ìwádìí Marseille jáde tó wá kéde pé òun ti fagi lé e. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tó ti wà nílẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ra oògùn nígbà náà léèrè bóyá wọ́n gbọ́.

Oníròyìn ni a máa ń dá lẹ́bi nírú ọ̀rọ̀ báyìí, kò sì yẹ kí wọ́n mú ẹ̀bi tiwọn jẹ. Àmọ́ ìwádìí kan wà láti Yunifásítì Cardiff tó jáde lọ́dún 2014, tó yẹ kí gbogbo ọ̀gá fásitì kà. Wọ́n kó àtẹ̀jáde 462 jọ, èyí tí fásitì ogún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn lọ́dún 2011 nípa ìwádìí ìlera, wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìwádìí tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú 100 àtẹ̀jáde tó gba aráàlú nímọ̀ràn, 40 kọjá ohun tí ìwádìí náà gbé. Nínú 100 tí ìwádìí wọn kàn rí i pé nǹkan méjì jọ ń rìn, 33 sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì, nígbà tí ìwádìí náà ò débẹ̀. Nínú 100 tó jẹ́ pé ẹranko ni wọ́n fi dán an wò, 36 ń sọ̀rọ̀ èèyàn. Fásitì ló kọ́kọ́ bu iyọ̀ sí i, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọwọ́ oníròyìn rárá. Bí àtẹ̀jáde bá ti sọ ọ̀rọ̀ eku di ọ̀rọ̀ èèyàn, 86 nínú 100 ìròyìn tó tẹ̀lé e ló gbà á bẹ́ẹ̀. Níbi tí àtẹ̀jáde kò bá ti bù mọ́ ọn, ìròyìn tó bù mọ́ ọn kò ju 10 nínú 100 lọ.

Wọn ò tiẹ̀ rí ẹ̀rí tó lágbára pé àsọdùn yìí ń jẹ́ kí ìwé ìròyìn gbé ìwádìí náà ju bí wọ́n ṣe máa gbé e lọ. Wàhálà lásán.

Òfin ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà báyìí. Nílẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni òfin tuntun lórí ìdánwò oògùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ní kí ẹni tó bá dán oògùn wò lára èèyàn kọ àkótán fún aráàlú lẹ́yìn tí ìdánwò náà bá parí. Nǹkan mẹ́wàá ni wọ́n là sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Lára wọn ni irú èèyàn tí wọ́n lò, oògùn tí wọ́n fún wọn, ìjàǹbá tí oògùn náà ṣe àti bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra tó, àti bóyá wọ́n ṣì fẹ́ ṣe ìdánwò mìíràn lórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn pé òfin yẹn kò dá dúró sórí "ẹ kọ ọ́ kó rọrùn." Ó dárúkọ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ yọ.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa ń yọ, iye tí wọ́n fi pín un, ìyẹn nínú èèyàn mélòó, ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ewu oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé àwọn oríṣi oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ máa dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì! Àwọn obìnrin ju oògùn nù. Òótọ́ ni ìlọ́po méjì, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ nínú 7,000 obìnrin tó ń lo oògùn ti tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ni ẹ̀jẹ̀ ń dì lára rẹ̀. Nínú 7,000 tó ń lo ti tuntun, méjì. Ẹnì kan ló fi lé nínú 7,000. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales fi nǹkan bíi 13,000 lé sí bó ṣe yẹ kó rí. Oyún níní alára sì ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì ju oògùn tí wọ́n ń sá fún lọ.

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, a tún rí irú rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, kéde pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà pa mọ́ kó má bàjẹ́, bíi sọ́séèjì, hámù àti ẹran inú agolo, wà ní ìsọ̀rí kìíní àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Sìgá náà wà ní ìsọ̀rí yẹn. Ìwé ìròyìn gbé e pé sọ́séèjì àti sìgá ti dọ́gba. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìsọ̀rí náà ń sọ ni bí ẹ̀rí ṣe dá wọn lójú tó, kò sọ bí ewu náà ṣe pọ̀ tó. Ó dá wọn lójú pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ, ó dá wọn lójú pé ẹran yìí náà ń fà á. Ìṣirò tí àjọ ìlera àgbáyé fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ni pé sìgá ń fi jẹjẹrẹ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn lọ́dún. Ti ẹran yìí jẹ́ nǹkan bíi 34,000.

Wọ́n tún ní ẹni tó bá ń jẹ 50 gíráàmù rẹ̀ lójoojúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá á fi ìdá 18 nínú 100 lé sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ pé nínú 100 tó bá jẹ ẹ́, jẹjẹrẹ á mú 18. Cancer Research UK, àjọ aláàánú tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá tú u palẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ká kó 1,000 èèyàn jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹran yìí: jẹjẹrẹ ìfun á mú nǹkan bíi 56 nínú wọn kí wọ́n tó kú. Ká tún kó 1,000 mìíràn tó ń jẹ ẹ́ jù jọ: á mú nǹkan bíi 66. Èèyàn mẹ́wàá ló fi yàtọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá ní mẹ́wàá yìí pọ̀, kó fi ẹran náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kò pọ̀, kó máa jẹ ẹ́ níwọ̀nba. Àwọn méjèèjì ló ti yé báyìí, bí èrò wọn kò tilẹ̀ dọ́gba.

Ilé wa náà kò yọ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè bá dé Ìgbó-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ni wọ́n máa ń gbé padà lọ: pé ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n bí ìbejì lábìípọ̀ nìyẹn. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tí ìwádìí fi hàn dájú ni pé ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Iṣẹ́ tí Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe bá a pé ó lé ní 40 nínú 1,000 ìbímọ ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìbejì ajọra, tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo láyé, mẹ́ta sí mẹ́rin nínú 1,000. Àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì ni tiwa fi pọ̀ jura lọ.

Ilasa ńkọ́? Ilasa wà ní Ìgbó-Ọrà, ìbejì wà ní Ìgbó-Ọrà. Ibi tí ẹ̀rí mọ nìyẹn. Ohun tí a mọ̀ pé ó ń jẹ́ kí obìnrin tètè bí irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀, iye ọmọ tó ti bí, àti bóyá ìbejì wà nínú ìdílé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilasa sí i gbọ́dọ̀ wá àwọn obìnrin tó ń jẹ ẹ́ àti àwọn tí kì í jẹ ẹ́, kí ọjọ́ orí wọn bára mu, kí iye ìbímọ wọn bára mu, kó wá wo ìdílé wọn, kó tó wá ka ìbejì. Títí dìgbà náà, ẹ máa jẹ ilasa yín torí pé ó dùn.

Ṣé èdè ló wá ń dí wa lọ́wọ́? Díẹ̀. Lọ́dún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ Masakhane, tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè Áfíríkà, àti AfricArXiv, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fún ìwádìí ilẹ̀ Áfíríkà, dáwọ́ lé títúmọ̀ ìwé ìwádìí 180 sí èdè Áfíríkà mẹ́fà, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ló fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọdé. Mo rò pé àṣìṣe gbáà ni. Síbẹ̀, "chloroquine ń wo kòrónà" rìn ní Yorùbá bó ṣe rìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè á gbé ohun tí a bá dì fún un.

Ẹni tó ń di ẹrù náà báyìí ti ń yí padà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti olùkọ́ wọn pẹ̀lú, kì í ka ìwé ìwádìí mọ́. Wọ́n á jù ú sínú ChatGPT tàbí èyí tó jọ ọ́, wọ́n á ní kó sọ ọ́ ní kúkúrú. Lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ méjì, Uwe Peters àti Benjamin Chin-Yee, gbé irú àkótán bẹ́ẹ̀ 4,900 yẹ̀ wò, láti ọwọ́ ẹ̀rọ mẹ́wàá. Níbi tí onímọ̀ ti kọ pé oògùn náà ran àwọn tí òun dán an wò lára lọ́wọ́, ẹ̀rọ lè sọ ọ́ di pé oògùn náà ń ran aláìsàn lọ́wọ́, tòun ti gbogbo ẹni tó wà láyé. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ yìí wé èèyàn tó mọṣẹ́ tó kọ àkótán tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún tí ẹ̀rọ fi ń sọ ọ̀rọ̀ kọjá ààlà. Wọ́n tún dán an wò bóyá tí èèyàn bá kìlọ̀ fún ẹ̀rọ náà pé kó má ṣe àṣìṣe, á ṣe dáadáa sí i. Ṣe ló tún burú sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa lò ó, ẹ má kàn ní kó ṣàlàyé kó rọrùn. Ẹ ní kó sọ iye èèyàn tí wọ́n lò, ibi tí wọ́n ti kó wọn, àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé, iye tó kúrò kí iṣẹ́ tó parí àti ìdí tí wọ́n fi kúrò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fúnra yín ṣí ìwé náà wò níbi tí onímọ̀ náà ti jẹ́wọ́ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí. Ó máa ń wà lápá ìparí, ṣáájú ìlà tó gbẹ̀yìn àlàyé rẹ̀, kì í sì í sábà ju ìpínrọ̀ kan lọ.